Ojú Ọkọ Ìyàwó: Ìdí Tó Fi Yẹ Ká Kọ́ Àwọn Ọkùnrin Ní Ìwọ̀nba Àtíkè

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fi àkòrí ọ̀rọ̀ òní rẹ́rìn-ín kí n tó dé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti máa ń hàn jù, ìyẹn àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó á jókòó síwájú dígí fún wákàtí méjì, ẹni tó ń ṣe é lóge á máa fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkọ ìyàwó ní tirẹ̀, ó ti gẹrun lálẹ́ àná, wọ́n ti fi abẹ fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó bọ́jú, ó kó agbádá wọ̀, ó parí. Nígbà tí ayàwòrán bá tan iná kámẹ́rà sí wọn, ojú ìyàwó á gún régé. Ti ọkọ á máa dán níwájú orí àti lórí imú bí ibi tí epo dà sí, abẹ́ ojú á ṣókùnkùn nítorí oorun tí kò sùn, àgbọ̀n á sì kún fún kókó wẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ fi síbẹ̀. Àwòrán yẹn ni wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri, tí àwọn ọmọ-ọmọ yóò máa wò.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ, mo sì fẹ́ kó yé wa yékéyéké: ìtìjú tí a fi bo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ojú ọkùnrin ń ṣe àwọn ọmọ wa ní jàǹbá ju àtíkè lọ. Ọkùnrin tí àpá wà lójú rẹ̀ kò rójú béèrè ohun tó lè fi bò ó fún wákàtí mẹ́fà, torí wọ́n á ní ó fẹ́ di obìnrin. Nígbà tí kò bá sì ti lè béèrè ní gbangba, ìkọ̀kọ̀ ni yóò gbà, ìpara abóra ló sì máa ń pàdé níbẹ̀. Ìwọ̀nba mékọ́ọ̀pù tó bá àwọ̀ ara mu, tí omi àti ọṣẹ ń fọ̀ kúrò kí a tó sùn, kò léwu tó ohun tí a ti ń gbójú fò dá láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọkùnrin bí wọ́n á ṣe lò ó, ká má ṣe yọ́ kẹ́lẹ́ kọ́ wọn, kó sì jẹ́ ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbọ̀n ọkọ ìyàwó yẹn dáadáa. Irun wa máa ń ká kò, ihò tó ti ń hù nínú awọ pàápàá tẹ̀ kọrọdọ. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, ṣóńṣó orí rẹ̀ á mú bí ẹ̀gún. Nígbà tó bá ń hù padà, dípò kó nà síta, á tẹ̀ bí ìwọ̀, á sì gún awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé. Ara ò mọ̀ pé irun òun fúnra òun ni. Á máa bá a jà bí ẹni ń bá ẹ̀gún jà, ibẹ̀ á wú, nígbà míì á sì ní ọyún nínú. Èyí ni ẹ̀yin onígbàjámọ̀ ń pè ní bọ́ǹpù. Bọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lè rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ibi tó bá ti wú lára aláwọ̀ dúdú máa ń fi àbààwọ́n sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí pé ohun tó ń fún awọ wa láwọ̀ máa ń pọ̀ sí i níbi tó bá ti fara pa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ológun ti sọ pé kí ọmọ ogun máa fá irùngbọ̀n rẹ̀, ìṣòro yìí pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan ní láti gba ìwé dókítà kí wọ́n tó lè dá irùngbọ̀n sí. Iye tí àwọn oníṣègùn awọ máa ń tọ́ka sí wà láàárín 45 sí 83 nínú 100 ọkùnrin dúdú. Ẹ wá rí i pé ìwà ọ̀bùn kọ́ ló ń fà á, àìmọ̀-ọ́n-tọ́jú kọ́ sì ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá irun wa ni abẹ bá pàdé.

Kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin wá ń ṣe sí àbààwọ́n yìí? Àwọn tó ń ta ìpara lọ́jà mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Á ní òun ń wá ohun tí yóò pa àpá rẹ́, wọ́n á fún un ní túùbù kékeré kan, tàbí èyí tí wọ́n pò sínú ike tí kò lórúkọ lára. Clobetasol wà nínú òmíràn, oògùn tó lágbára gan-an, tí dókítà ń kọ fún àìsàn awọ pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó má pẹ́ lára. Ẹni tó bá ń fi í para láti oṣù dé oṣù, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, irorẹ́ tuntun á sú bò ó, egbò rẹ̀ á sì máa pẹ́ kó tó jinná. Hydroquinone, kẹ́míkà abóra, wà nínú òmíràn, ẹni tó bá sì lò ó pẹ́ lè rí i pé ibi tó fẹ́ kó mọ́ gan-an ló wá dúdú bí aró, tí kò fẹ́ lọ mọ́. Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn, ìyẹn sì ń gba inú awọ lọ bá kíndìnrín. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013 sọ pé ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju mílígíráàmù 1 lọ nínú kílò 1, wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe é tàbí kó o gba ẹnubodè mọ́ lẹ́yìn 2020. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà kò dákẹ́ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè jókòó sí gbogbo ìsọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnikẹ́ni kì í bá ọkùnrin tó ń ṣe èyí wí, torí wọn ò rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àtíkè ni wọ́n bá nínú báàgì rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ariwo yóò ṣe pọ̀ tó.

Mékọ́ọ̀pù wá ńkọ́? Kí ló wà nínú kọnsílà tí wọ́n fi ń bo àbààwọ́n, àti fandéṣọ̀n tí wọ́n fi ń bo gbogbo ojú gan-an? Omi tàbí epo tó gbé e, àti àwọ̀ mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn, ìpẹtà irin ni: pupa, ìyeyè àti dúdú. Ìkẹrin ni titanium dioxide, tó funfun báláú. Bí wọ́n bá ṣe po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ló máa sọ bóyá ẹni pupa ni yóò bá mu tàbí ẹni tó dúdú bí kóró iṣin. Orí awọ ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ bí mẹ́kúrì. Ibẹ̀ náà sì ni a ti máa mọ ìdí tí ojú ọkùnrin míì fi ń dà bí ẹni tó yíràá nínú eérú lẹ́yìn tó lò ó: funfun ti pọ̀ jù nínú èyí tó rà, iná kámẹ́rà sì tún gbé funfun náà yọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọ̀ ẹlòmíràn ló gbé sójú.

Àwọn tó ń takò ó á ní àṣà òyìnbó ni kí ọkùnrin máa kun ojú. Ẹ̀rí tí àwọn kan máa ń fi dá wọn lóhùn ni ti ẹlẹ́gùn Ṣàngó, tó jẹ́ ọkùnrin, tó ń dirun, tó ń kun osùn. Èmi kò ní gbé ẹjọ́ mi lé e. Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pe adóṣù bíi tirẹ̀, ìmúra ìyàwó sì ni ìmúra rẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń sọ nǹkan fún wa nípa òrìṣà, kò sọ púpọ̀ nípa ọkùnrin tó ń lọ sóko tàbí sọ́jà. Ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni tìróò. Obìnrin ń lé e, ọkùnrin náà ń lé e, àlùfáà tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní abo ń lé e lọ sí Jímọ̀ọ̀ títí dòní. Ẹ tún wo ilà ayé àtijọ́: pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́. Ojú ọkùnrin ni wọ́n fi ń ka ìlú àti ìdílé rẹ̀, olóòlà sì ń fara balẹ̀ kí ọwọ́ òsì lè bá ti ọ̀tún dọ́gba. Láyé ìgbà náà, àwọn ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, ń fá apá kan orí, wọ́n ń dá apá kan sí, kí ará ìlú lè ti òkèèrè mọ ẹni tó ń bọ̀. Àwọn Fúlàní Wodaabe ní Niger, ọkùnrin wọn ló ń kun ojú, tó ń fi tìróò yí ojú ká nígbà ọdún Gerewol, àmọ́ àṣehàn ni tiwọn, ìwọ̀nba ni àwa ń sọ. Nínú gbogbo èyí, ohun kan dá mi lójú: kò sígbà kan tí ilẹ̀ wa sọ pé ojú ọkùnrin kò yẹ fún ìtọ́jú. Ohun tí àwọn àgbà máa ń bi ara wọn ni bóyá ìtọ́jú náà bá ipò, ọjọ́ orí àti àsìkò mu.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí lọ ra tìróò lọ́wọ́ akiri. Ohun tó jẹ́ àṣà lè léwu. Òkúta òjé ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú tìróò tó wà lọ́jà. Ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wá ibi tó ti wá, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni wọ́n bá. Wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé sì ju 80 lọ nínú 100 ohun tó wà nínú rẹ̀. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì ṣe àgbàlagbà lóore. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú òun mọ́ kedere, kó fi tìróò òkúta sílẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé ẹjọ́ tí mo ń rò kì í ṣe ti àṣà lásán. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni: kí ọkùnrin mọ ohun tó ń gbé sójú ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kojú èyí tó le jù, pé ìwà obìnrin ni. Àwọn onígbàgbọ́ á tọ́ka sí Deutarónómì 22:5, àwọn mùsùlùmí á sọ pé Ànábì kọ̀ fún ọkùnrin láti fara wé obìnrin. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣeré. Aṣọ ni ẹsẹ Bíbélì yẹn ń sọ, ìwé hàdíìsì sì ròyìn pé Ànábì fúnra rẹ̀ ń lé tìróò, nítorí náà fífi nǹkan sójú nìkan kò lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń wí. Ẹni tó bá ṣì nà án dé orí kọnsílà, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn tí kílípà bá ti parí iṣẹ́, ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ á mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, á tì í bọ dáì dúdú, á fà á gba etí irun níwájú orí títí dé ẹ̀gbẹ́ etí, á fi kún irùngbọ̀n níbi tó ti ṣí, kó lè ṣú dáadáa. Àgbà tó ti hu ewú náà ń jókòó fún un. Kí lẹ ń pe ìyẹn? Àwọ̀ ni wọ́n fi sójú ọkùnrin kó lè dára sí i. A kò pè é ní mékọ́ọ̀pù torí pé ọkùnrin ló ṣe é fún ọkùnrin, tí orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, paraphenylenediamine tó wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú máa ń bá awọ àwọn kan jà gan-an, débi pé ojú lè wú pa. A ti gba èyí tó le, èyí tó rọ̀ ni a ń bá jà.

Àwọn kan kò sì bìkítà nípa akọ tàbí abo, ẹ̀tàn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n á ní ìwà lẹwà, kí ọkùnrin gbé ojú tí Elédùmarè fún un jáde. Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nìyí, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó fi fandéṣọ̀n sọ ara rẹ̀ di ẹni pupa ń tan ara rẹ̀ kó tó tan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìgbà míì wà tí ojú tí a kò tọ́jú ló ń parọ́ mọ́ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1960, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn kò tíì pé ọdún kan, John Kennedy àti Richard Nixon, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, jọ jíròrò lórí tẹlifíṣọ̀n ní Chicago, nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ènìyàn sì wò wọ́n. Eékún Nixon ti dá a dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó máa ń ṣú lábẹ́ awọ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá fá a. Ó kọ̀ kí aṣaralóge ṣe ojú òun bó ṣe yẹ, wọ́n kàn fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní Lazy Shave pa àgbọ̀n rẹ̀ wéréwéré. Iná ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbóná, òógùn bò ó, àwọn tó ń wò ó sì rí aláìsàn. Àwọn kan ní ìyẹn ló gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán, ohun púpọ̀ ló ń da ìbò. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé iná àti kámẹ́rà kì í fi ojú ènìyàn hàn bó ṣe rí, ẹni tó bá sì kọ ìtọ́jú nítorí kó lè jẹ́ olóòótọ́ lè wá dà bí ẹni tí kò jẹ́. Ìwọ̀n tí mo máa fi í wọ̀n rọrùn: bí ẹni tó rí ọ lánàá bá rí ọ lónìí, kó sọ pé o sùn dáadáa. Bó bá bi ọ́ pé kí lo fi sójú, o ti ṣe é jù.

Báwo wá ni ẹni tí kò ṣe é rí ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Láti orí abẹ ni. Kí ọkọ ìyàwó má ṣe fá irùngbọ̀n mọ́lẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Kílípà tó dá irun díẹ̀ sí dára ju abẹ lọ fún ẹni tí bọ́ǹpù ń yọ lẹ́nu, torí irun tí kò bá wọlẹ̀ kò ní ráyè gún awọ. Bọ́ǹpù tó bá ṣì ní ọyún nínú, kó fi í sílẹ̀, kó má fi ohunkóhun bò ó. Ní àárọ̀, kó fi ọṣẹ tí kò le bọ́jú, kó fi ìpara tó fúyẹ́ ra á, kó sì ní sùúrù tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí awọ fà á mu. Àwọ̀ kọnsílà, ẹ̀bá àgbọ̀n ni kó ti wò ó, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́, torí ọwọ́ àti ojú kì í dọ́gba. Kó jáde síta, sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó fa ìlà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra níbẹ̀. Èyí tó bá pòórá lójú rẹ̀ ni tirẹ̀.

Ibi tó ti ń gba ọwọ́ pẹ̀lẹ́ nìyí. Kó mú ìwọ̀n tó tó ọkà bàbà kan ṣoṣo sórí ìka òrùka, nítorí ìka yẹn kì í fi agbára tẹ ara. Kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àbààwọ́n náà, kó máa fi ìka kàn án kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kó má fà á. Bó bá fà á, á kó gbogbo rẹ̀ kúrò níbi tó wúlò. Etí àbààwọ́n ni iṣẹ́ wà, níbi tí dúdú ti ń pàdé ara: kí ìka kan náà, tí ohunkóhun kò sí lórí rẹ̀ mọ́, máa kàn án yíká títí ààlà náà kò fi ní hàn. Kó wá sún kúrò nídìí dígí ní ìṣísẹ̀ méjì, torí kò sẹ́ni tó máa wo ojú rẹ̀ láti ibi tí imú fi kan dígí. Bí abẹ́ ojú bá ṣókùnkùn bí aró, kọnsílà lásán á sọ ọ́ di eérú. Èyí tó pọ́n bí èso ọsàn ni kó kọ́kọ́ fi síbẹ̀, tín-ín-rín, torí pé àwọ̀ ọsàn ló ń pa àwọ̀ aró, kó tó fi ti ara rẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àtíkè tí kò ní àwọ̀, iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó má nù ún. Kó fi kóòmù ya irun òkè ojú, kó fi òrí díẹ̀ pa ètè. Ó tó bẹ́ẹ̀. Fandéṣọ̀n tó bo gbogbo ojú kò yẹ olùbẹ̀rẹ̀, ọrùn agbádá funfun ló sì máa kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Owó kì í ṣe ìdíwọ́ bí a ṣe rò. Láti 2018 ni War Paint ní Ìlú Ọba àti Boy de Chanel, tó kọ́kọ́ jáde ní South Korea, ti ń ta mékọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ ọkùnrin sí lára, àmọ́ ìpẹtà irin kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Èyí tí arábìnrin rẹ ń lò lè bá ọ mu bí àwọ̀ yín bá jọra, bó o bá ti ra tìrẹ lọ́tọ̀, torí búrọ́ọ̀ṣì àti ìgò àlòpọ̀ ń gbé àìsàn ojú kiri. Àwọ̀ ló ti jẹ́ ìṣòro fún wa tipẹ́. Nígbà tí Tara Fela-Durotoye bẹ̀rẹ̀ House of Tara, ilé iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1998, àwọ̀ tó bá wa mu kò pọ̀ lọ́jà. Ní 2017, ilé iṣẹ́ Fenty Beauty gbé fandéṣọ̀n oríṣi 40 jáde lẹ́ẹ̀kan, àwọn ilé iṣẹ́ míì sì sáré tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí ń bá tábìlì tí wọ́n ti tẹ́ pàdé.

Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń parí rẹ̀ sí, torí ọwọ́ yín ni àgbọ̀n ọkùnrin wà. Ẹ kì í ṣe dókítà, ẹ má sì ṣe ta ìpara fún àpá. Bí ẹ bá rí awọ tó ti fẹ́lẹ́ tàbí tó dúdú bí aró, ẹ ní kó lọ rí oníṣègùn awọ. Àmọ́ ẹ lè gbé kọnsílà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáì tí ẹ ti ń lò, èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ẹ máa fi ọ̀pá tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan bu ú. Ọkọ ìyàwó tó bá wá gẹrun, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi díẹ̀ sí i nínú apá, kó lọ sùn kó sì jí, kí ẹ tó fi kan ojú rẹ̀. Bí kò bá yún un, ẹ ṣe apá kan àgbọ̀n, ẹ fi apá kejì sílẹ̀, ẹ mú un jáde síwájú ìsọ̀ níbi tí oòrùn wà, kí ẹ sì gbé dígí fún un, kó wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fúnra rẹ̀.